Lẹ́yìn Tí A Bá Fa Èpò Tu: Àgbéyẹ̀wò Ìjà Pẹ̀lú Igi Àjèjì ní Àwọn Erékùṣù Kéékèèké

Ní ọdún 2003, igi kan kú ní Saint Helena, erékùṣù kan tó dá wà láàárín Òkun Àtìláńtíìkì. Nesiota elliptica ni àwọn onímọ̀ ń pè é nínú ìwé. Ólífì Saint Helena ni àwọn ará erékùṣù ń pè é. Èyí tó kẹ́yìn nínú igbó ti kú láti 1994. Èyí tó kú ní 2003 ni wọ́n ń tọ́jú nínú ọgbà, orí rẹ̀ sì ni ìran igi náà parí sí. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti lè lọ bu irúgbìn rẹ̀ wá, nítorí kò hù níbòmíràn rí láyé. Àwọn tó gba ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ kò fara sin: ewúrẹ́ tí àwọn Potogí kó sí erékùṣù náà, àáké àwọn tó ń wá igi ìdáná àti ilẹ̀ oko, àti koríko gàgàrà kan láti New Zealand tó bo orí òkè ibi tí irú igi bẹ́ẹ̀ ń gbé.

Nígbà tí ohun ọ̀gbìn àjèjì bá ti gba erékùṣù, ǹjẹ́ a lè gba ilẹ̀ náà padà fún àwọn igi àbáláyé? Ó ti ju ogójì ọdún lọ tí oríṣiríṣi erékùṣù ti ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí, láti Òkun Íńdíà títí dé Pàsífíìkì. Àwọn kan borí, ọ̀pọ̀ kùnà, àwọn mìíràn sì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí a bá kó ìtàn wọn jọ, ẹ̀kọ́ kan jáde kedere: fífa èpò tu ni apá tó rọrùn. Apá tó le ni ohun tí yóò dípò rẹ̀, àti ẹni tí yóò máa padà wá wò ó.

Ọwọ́ ènìyàn ló gbìn wọ́n

Púpọ̀ nínú àwọn igi tó ń da erékùṣù láàmú lónìí ni wọ́n fi ìwúrí pè wá. Ní 1772, Pierre Poivre, tó ń ṣàkóso fún ilẹ̀ Faransé ní Mauritius, ló wà nídìí bí wọ́n ṣe dá ọgbà kan sílẹ̀ ní Mahé, erékùṣù tó tóbi jù lọ ní Seychelles. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni kí Faransé rí èròjà ọbẹ̀ olóòórùn gbìn fúnra rẹ̀, kí òwò rẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ àwọn Dọ́ọ̀ṣì. Sínámónì wà lára ohun tí wọ́n gbìn. Ẹyẹ jẹ èso rẹ̀, wọ́n ya hóró rẹ̀ dà sórí òkè, ó sì di igi tó pọ̀ jù nínú igbó Mahé.

Ní 1937, Harrison Smith, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó fi Tahiti ṣe ilé, gbin igi Miconia calvescens sínú ọgbà rẹ̀ ní Papeari. Ẹwà ewé rẹ̀ ló fà á mọ́ra. Ewé ẹyọ kan lè gùn tó nǹkan bíi mítà kan. Òkè rẹ̀ tutù minimini, abẹ́ rẹ̀ sì ní àwọ̀ àlùkò. Lónìí igi ẹlẹ́wà yìí ti gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilẹ̀ Tahiti. Níbi tó bá ti dí, òkùnkùn ló máa ń ṣú sí abẹ́ rẹ̀, ọmọ igi mìíràn kì í sì í rí ìmọ́lẹ̀ tó láti dàgbà. Gbòǹgbò rẹ̀ kò wọlẹ̀ púpọ̀, nítorí náà bí òjò bá pọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ilẹ̀ a máa ya lulẹ̀.

Ní Saint Helena, owó ló mú koríko New Zealand wọlé, ìyẹn Phormium tenax tí wọ́n ń bọ́ fọ́nrán ewé rẹ̀ fi ṣe okùn. Ilé iṣẹ́ pọ̀ nídìí rẹ̀, oko rẹ̀ bo orí òkè, ilé ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ oníbàárà ńlá. Nígbà tí ìyẹn yí sí okùn náílọ́nù, ọjà dẹnu kọlẹ̀. Ní 1966 ilé iṣẹ́ tó kẹ́yìn ti ilẹ̀kùn. Àwọn òṣìṣẹ́ lọ sílé, koríko náà kò lọ síbì kankan. Ìtàn igi kuníìnì ní Santa Cruz, ní Galápagos, jọ èyí: ní àwọn ọdún 1940 ni wọ́n gbìn ín, wọ́n ń retí owó oògùn ibà. Owó náà kò wá, ṣùgbọ́n igi náà gun orí òkè tí kò sí igi gíga kankan rí.

Àwọn erékùṣù fara gbá èyí ju ilẹ̀ ńlá lọ, ó sì nídìí. Igi tó ti ń dá gbé lórí erékùṣù láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kò mọ ewúrẹ́ àti màlúù. Kò ní ẹ̀gún tàbí oró tí yóò fi gba ara rẹ̀ là, kò sì kánjú dàgbà. Àjèjì tó dé bá a ti fi kòkòrò àti àrùn tó ń fìyà jẹ òun sílẹ̀ nílé, ó ń yára dàgbà, ó sì ń so lọ́pọ̀ yanturu. Lórí ilẹ̀ ńlá, igi tí wọ́n bá pa run ní apá kan ṣì lè kù sí apá mìíràn. Saint Helena kò ju kìlómítà onígun mẹ́rin 121 lọ. Igi tí wọ́n bá lé kúrò lórí òkè rẹ̀, inú òkun ló kù tí yóò wọ̀.

Ọ̀nà kìn-ín-ní: hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò

Ìmọ̀ràn tó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn gbogbo ènìyàn ni pé kí a pa àjèjì náà run pátápátá. Galápagos gbìyànjú rẹ̀ gan-an. Ní 2010, àwọn onímọ̀ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ ṣírò gbogbo rẹ̀ jọ: iṣẹ́ àpatán 30, lórí irú ohun ọ̀gbìn 23. Mẹ́rin péré ló yọrí sí rere. Ilẹ̀ tí èpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí gbà kò tó hẹ́kítà kan, kò sì sí wàhálà ẹni tó ni ilẹ̀ lórí wọn. Nínú àwọn tó kùnà, àwọn kan wà tí onílẹ̀ kò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọ oko òun, àwọn kan wà tí owó tán kí iṣẹ́ tó parí. Èpò kò mọ ààlà oko. Bí ẹni kan bá ti ilẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́, irúgbìn ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò padà bo oko gbogbo aládùúgbò.

Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Ìṣirò Galápagos kò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ àgbà yìí. Ẹni tó bá rí èpò tuntun nígbà tó ṣì wà ní ẹ̀yìnkùlé ilé kan lè fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bó bá ti gun òkè, iṣẹ́ ìran kan ni.

Lord Howe, erékùṣù kékeré tó wà lábẹ́ Ọsirélíà, gba iṣẹ́ ìran náà mọ́ra. Àwọn olùgbé ibẹ̀ kò ju irinwó lọ dáadáa. Ní 2004 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi ọgbọ̀n ọdún sí, wọ́n sì pín gbogbo erékùṣù sí abala-abala. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí: àwọn òṣìṣẹ́ yóò tò ní ìlà kan nínú igbó, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò wà níbi tí ojú rẹ̀ lè ká ilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé e, wọn yóò sì jọ máa rìn lọ. Ọmọ gúáfà pupa, ọ̀kan lára èpò ibẹ̀, tí wọ́n bá rí, wọn á fà á tu. Èyí tó bá ti ní igi nínú, wọn á gé e, wọn á sì ta oògùn apakoríko sí ojú kùkùté rẹ̀ kí ó má baà tún rúwé. Níbi tí òkè bá ti dúró ṣánṣán, okùn ni wọ́n fi ń sọ̀. Bí wọ́n bá yí erékùṣù ká tán, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti abala àkọ́kọ́, nítorí irúgbìn tó sùn nínú ilẹ̀ yóò ti jí. Èpò tí wọ́n ti tu lé ní mílíọ̀nù méjì, àwọn àgbà igi tó ń so nínú wọn sì ti dín kù gan-an. Púpọ̀ nínú èpò wọ̀nyí ló sá jáde láti inú ọgbà òdòdó ilé ènìyàn, nítorí náà ètò náà kò lè yọrí láìsí pé àwọn ará ìlú fi ọwọ́ ara wọn hú ohun tí wọ́n gbìn.

Ọ̀nà kejì: wá ọ̀tá rẹ̀ wá

Bí àjèjì bá borí nítorí pé ó fi ọ̀tá rẹ̀ sílẹ̀ nílé, kí ló dé tí a kò ní lọ mú ọ̀tá náà wá? Tahiti ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2000 wọ́n tú olú kékeré kan tó ń fa àrùn sí Miconia sílẹ̀ nínú igbó. Ilẹ̀ Bràsíl ni wọ́n ti rí olú náà, Miconia nìkan ló sì ń bá jà. Kò pa igi ńlá. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń pa ọmọ igi, ó sì ń jẹ ewé àgbà igi níhòóníhò. Ìmọ́lẹ̀ tó gba inú ihò wọ̀nyẹn wọlé ti tó fún àwọn igi àbáláyé kan láti tún yọ orí lábẹ́ Miconia. Ṣáájú ìgbà náà, ní erékùṣù Raiatea tó wà nítòsí, àwọn ọmọ ilé ìwé, olùkọ́ àti sójà ni wọ́n kó wọ igbó láti 1992 lọ kí wọ́n máa fi ọwọ́ fà á tu. Wọ́n fa ọ̀kẹ́ àìmọye tu, síbẹ̀ hóró tó wà nínú ilẹ̀ lè dúró ju ọdún mẹ́wàá lọ kó tó hù.

Ẹ̀rù ọ̀nà yìí wà, Tahiti náà ló sì mọ̀ ọ́n jù. Ní 1974 wọ́n kó ìgbín apẹran kan, Euglandina rosea, wọ ibẹ̀ kí ó lè jẹ àwọn ìgbín ńlá ilẹ̀ Áfíríkà tó ń ba oko jẹ́. Ìgbín àlejò náà gbádùn àwọn ìgbín Partula kéékèèké tó jẹ́ ti ilẹ̀ náà ju ìgbín Áfíríkà lọ, ó sì pa ọ̀pọ̀ ìran wọn run kúrò láyé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín olú àti ìgbín yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀: ìgbín náà ń jẹ ìgbín èyíkéyìí tó bá bá pàdé, nígbà tí wọ́n ti dán olú wò lára irú igi mìíràn kí wọ́n tó tú u sílẹ̀.

Àtakò tún wà tí kì í ṣe ti sáyẹ́ǹsì. Ní Hawaii, nígbà tí ìjọba fẹ́ tú kòkòrò kan láti Bràsíl sílẹ̀ kí ó lè dín agbára gúáfà pupa kù, àwọn ará ìlú tí wọ́n ti ń jẹ èso náà láti kékeré figbe bọnu. Kòkòrò náà kì í pa igi. Ewé ló ń mú wú, kí èso lè dín kù. Kí ìjọba tó rí i tú sílẹ̀, àríyànjiyàn náà gba ọdún púpọ̀. Ẹni tó bá rò pé ohun tí ìwé ìwádìí pè ní èpò ni gbogbo ìlú ń pè bẹ́ẹ̀ kò tíì gbé ilé pẹ̀lú wọn.

Ọ̀nà kẹta: gbin ohun tí yóò dípò rẹ̀

Ibi tí mo gbà pé ẹ̀kọ́ ti pọ̀ jù ni Île aux Aigrettes, erékùṣù hẹ́kítà 26 tó wà létí òkun Mauritius. Igi ẹ́bónì ilẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n títí di àwọn ọdún 1980 ni wọ́n fi ń gé e dáná. Leucaena, igi àjèjì kan, ti bo ibi tí wọ́n gé. Láti àárín ọdún mẹ́wàá náà ni iṣẹ́ àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀, Mauritian Wildlife Foundation sì gba àbójútó rẹ̀. Wọ́n ń ro ilẹ̀ ní abala-abala, wọ́n dá nọ́sìrì sílẹ̀ fún igi àbáláyé, wọ́n sì pa eku inú rẹ̀ tán ní 1991. Ẹyẹlé aláwọ̀ osùn ilẹ̀ Mauritius, tí nǹkan bíi mẹ́wàá ló kù nínú igbó nígbà náà, rí ibẹ̀ ṣe ilé.

Síbẹ̀ nǹkan kan kò bọ́ sípò. Ẹ́bónì ń so, èso ń já bọ́ sí abẹ́ ìyá rẹ̀, ibi tí wọ́n ti gé igi rí sì ṣófo. Ẹranko tó ń gbé hóró kiri kò sí mọ́: ahun ńlá ilẹ̀ Mauritius ni, àwọn atukọ̀ sì ti pa á jẹ tán. Ní ọdún 2000 wọ́n kó ahun ńlá Aldabra, ìran ahun Seychelles, wá. Ahun wọ̀nyí jẹ èso ẹ́bónì, wọ́n rin jìnnà, wọ́n sì yàgbẹ́ hóró sí ibi tí igi kò sí. Ìwádìí tó jáde ní 2011 fi hàn pé ọmọ ẹ́bónì ti ń hù káàkiri níbẹ̀, àti pé hóró tó gba inú ahun kọjá ń hù dáadáa ju èyí tí ahun kò jẹ lọ. Ènìyàn lè fa èpò tu. Ṣùgbọ́n kò sí iye òṣìṣẹ́ tí owó lè gbà tí yóò máa gbin ẹ́bónì lójoojúmọ́ títí ayé bí ahun ṣe ń ṣe é.

Île Ronde, erékùṣù Mauritius mìíràn, fi òdìkejì hàn. Wọ́n mú ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀ ní 1979, wọ́n mú ehoro kúrò ní 1986, ọ̀pẹ àbáláyé sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Ṣùgbọ́n èpò tí ẹran wọ̀nyí ń jẹ mọ́lẹ̀ náà rí àyè dìde. Níbẹ̀ náà, ahun ni wọ́n padà kó wá, ní 2007, kí ó lè máa jẹko. Lílé ọ̀tá kan lè ṣí ilẹ̀kùn fún òmíràn.

Ní Saint Helena, àwọn tó ń gba orí òkè padà lọ́wọ́ koríko New Zealand ti kọ́ láti má ṣe kánjú. Ewé koríko náà ga ju ènìyàn lọ, ó dì mọ́ra, ó sì di ilẹ̀ mú. Bí wọ́n bá ṣán an lẹ́ẹ̀kan náà, òjò yóò wọ́ ilẹ̀ lọ, èpò mìíràn yóò sì dé kí igi kankan tó hù. Abala kékeré ni wọ́n ń ṣán. Wọ́n á jẹ́ kí ewé rẹ̀ jẹrà síbẹ̀ kí ó lè bo ilẹ̀, wọ́n á wá lọ́ igi àbáláyé láti nọ́sìrì sáàárín rẹ̀. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Dicksonia arborescens, tó jẹ́ ìran ewé ọ̀mu ṣùgbọ́n tó ga bí igi. Ara rẹ̀ tó rí gbágungbàgun máa ń gba omi dúró, irúgbìn àwọn igi mìíràn á sì hù sí i lára. Àwọn ewé orí òkè wọ̀nyí ló ń gbá ìkúukùu mú tó fi ń di omi, òkè náà sì ni orísun omi àwọn ará erékùṣù. Nítorí náà, iṣẹ́ igi níbẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ omi ẹ̀rọ pẹ̀lú.

Ọ̀nà kẹrin: fi í sílẹ̀, bí ó bá ń ṣiṣẹ́

Àwọn kan wà tí wọ́n ní ìjà yìí ti pọ̀ jù. Ní 2011, onímọ̀ 19, tí Mark Davis ṣáájú wọn, kọ̀wé sínú Nature pé kí a má ṣe fi ibi tí igi ti wá dá a lẹ́jọ́. Ohun tó ń ṣe ni kí a wò. Sínámónì Mahé jẹ́ àpẹẹrẹ tó gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn tí igbó àtijọ́ ti di igi pákó àti igi ìdáná tán, òun ló bo òkè kí ilẹ̀ má wọ́. Ẹyẹ àbáláyé ń jẹ èso rẹ̀. Àwọn onímọ̀ Seychelles kan ti kìlọ̀ pé bí wọ́n bá gé e lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn àjèjì tó burú jù ú lọ ni yóò gba ihò náà. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí wọ́n máa ṣí ihò kéékèèké láàárín sínámónì, kí wọ́n máa gbin igi àbáláyé síbẹ̀, kí sínámónì máa ṣe ìbòòji fún wọn.

Lórí Mahé yìí kan náà ni ẹ̀rí tó dára jù pé ríro ilẹ̀ ń so èso ti wá. Christopher Kaiser-Bunbury àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo òkè àpáta mẹ́jọ tó dá dúró láàárín igbó, irú èyí tí ará Ìdànrè mọ̀ dáadáa. Wọ́n hú nǹkan bí 40,000 igi àjèjì kúrò lórí mẹ́rin, wọ́n fi mẹ́rin sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n sì ń ka kòkòrò àti ẹyẹ tó ń bẹ òdòdó wò. Ní 2017 wọ́n jábọ̀ pé irú ẹ̀dá tó ń gbé àtíkè òdòdó kiri fi ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lórí òkè tí wọ́n ro, ìbẹ̀wò sí òdòdó sì fi ìdá 23 pọ̀ sí i. Orí òkè àpáta ṣì ní igi àbáláyé tó pọ̀ nínú, nítorí náà wọ́n lè ro ó kí igbó padà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí sínámónì nìkan kù sí kò rí bẹ́ẹ̀. Erékùṣù kan náà, ìdáhùn méjì, nítorí ohun tó kù sílẹ̀ kò dọ́gba. Èyí ni kò jẹ́ kí n gbà pẹ̀lú ẹni tó ní kí a hú gbogbo rẹ̀, tàbí ẹni tó ní kí a fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá

Leucaena tó ń da Île aux Aigrettes láàmú kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà n'Ìbàdàn, láti ìparí àwọn ọdún 1970, òun ni ọ̀kan lára igi tí wọ́n ń gbìn ní ìlà-ìlà láàárín àgbàdo kí ewé rẹ̀ lè sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá. Ohun kan náà ló jẹ́ olùrànlọ́wọ́ lóko àgbẹ̀ tí àdá kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì jẹ́ apanirun ní erékùṣù tí ẹnikẹ́ni kò rò. Òṣíbàtà àjèjì tó gba odò Àjàṣẹ́ wọ Badagry ní 1984, tó sì bo ọ̀sà Èkó, kọ́ àwọn apẹja ní ẹ̀kọ́ kan náà: ọdọọdún ló ń padà, owó tí wọ́n fi ń kó o kò sì tán.

Tí a bá gbé ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, kò sí èyí tó dá borí. Pípa run pátápátá dára fún èpò tuntun tí kò tíì tó hẹ́kítà kan. Olú tàbí kòkòrò dára fún èyí tó ti gba òkè, bí wọ́n bá ti dán an wò dáadáa. Gbígbin dípò pọn dandan níbikíbi tí ilẹ̀ lè wọ́. Fífi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ bọ́gbọ́n mu níbi tí kò ti sí igi àbáláyé mọ́. Ohun tó pa gbogbo àwọn tó ṣàṣeyọrí pọ̀ ni pé wọ́n dúró tì í. Lord Howe ka ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kùnà ní Galápagos bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ariwo, owó wọn sì tán lójú ọ̀nà.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí ìjọba, ẹgbẹ́ àti olówó tó bá fẹ́ tún igbó kan ṣe, yálà lórí erékùṣù tàbí létí ọ̀sà, ni pé: ẹ bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bá èpò jà, ẹ dá nọ́sìrì sílẹ̀ kí ẹ tó pọ́n àdá, kí ẹ sì ya owó iṣẹ́ ọdún kẹwàá sọ́tọ̀ kí ẹ tó ná ti ọdún kìn-ín-ní.